Ilé ìtọ́jú ọlọ́jọ́ díẹ̀ fún ẹni tí orí rẹ̀ dàrú àti ẹni tí oògùn wọ̀ lára: ìbéèrè àti ìdáhùn fún Ìlọrin àti gúúsù Kwara

Ìbéèrè kan náà ni mo ń gbọ́ ní Ọjà-Ọba, ní Gáà-Akanbí, ní gáréèjì Ọ̀fà, títí dé Òmù-Àrán. Nọ́ọ̀sì ni mí, wọ́ọ̀dù àwọn tí àìsàn ọpọlọ ń bá jà ni mo sì ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú ọdún iṣẹ́ mi. Mo kó ìdáhùn wọn síbí kí ẹni tí ọ̀rọ̀ bá kàn lè kà á kó tó gbé èèyàn rẹ̀ lọ fi sílẹ̀ níbi kan.

Irú ilé wo gan-an là ń sọ?

Ilé tí èèyàn ń sùn sí fún ọjọ́ mélòó kan, bóyá ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, nígbà tí nǹkan bá le gan-an. Àwọn kan ń wá síbẹ̀ nítorí pé orí wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ dàrú: wọn kò sùn láti ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, tàbí wọ́n ń sọ pé àwọn fẹ́ para àwọn. Àwọn mìíràn, ọtí tàbí oògùn ló ti wọ̀ wọ́n lára, wọ́n sì fẹ́ kó kúrò. Ìyẹn làwọn èèyàn wa ń pè ní fífọ ara.

Irú ilé yìí yàtọ̀ sí ilé ìwòsàn ńlá. Ó tún yàtọ̀ sí ibi tí èèyàn ń gbé fún oṣù mẹ́fà tàbí ọdún kan láti kọ́ iṣẹ́ ọwọ́. Ọ̀pọ̀ ilé tó kọ “rihábù” sára ògiri láàárín wa ló da gbogbo rẹ̀ pọ̀ sínú yàrá kan: ẹni tó ń mu kòdín, ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀, ọmọ tí bàbá rẹ̀ ní ó ń jalè, gbogbo wọn lórí ẹní kan náà. Wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀.

Ọjọ́ méje péré ni. Kí ló dé tí ó fi nílò òfin tirẹ̀?

Nítorí pé inú ọjọ́ méje yẹn gan-an ni ewu wà. Ẹ wo ẹni tó ti ń mu ògógóró tàbí paragá lójoojúmọ́ láti ọdún pípẹ́. Bó bá dá a dúró lójijì, ọwọ́ rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n láàárín wákàtí 6 sí 24. Gìrì lè gbé e láàárín wákàtí 6 sí 48. Ní nǹkan bí ọjọ́ kejì sí ìkẹrin, ìrànrán lè dé: ara rẹ̀ á gbóná, àyà rẹ̀ á máa lù kìkì, á máa rí kòkòrò tí kò sí lára ògiri. Bí wọn kò bá tọ́jú rẹ̀, ó lè kú. Nígbà tí dókítà bá sì wà nítòsí, oògùn tí yóò gbà á kò wọ́n, kò sì ṣòro rí.

Dídá àwọn oògùn oorun bíi Valium àti Rohypnol dúró lójijì náà lè mú gìrì wá. Ẹni tó ti mọ́ lára kì í dá a dúró lẹ́ẹ̀kan náà, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń dín in kù fún un. Ní ti kòdín àti tramadol, ìyà ibẹ̀ ló pọ̀: inú rírun, èébì, ìgbẹ́ gbuuru, àìsùn, egungun ríro. Ó máa ń le jù ní ọjọ́ kejì sí ìkẹta, a sì rọlẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí ọjọ́ 10. Bí omi bá tán lára ẹni tó ń bì, tó sì ń yàgbẹ́, tí ẹnikẹ́ni kò fún un lómi, ìyẹn náà lè pa á.

Gbogbo nǹkan wọ̀nyí kì í mọ ojúmọmọ yàtọ̀ sí òru. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń béèrè ìbéèrè kan ṣáájú gbogbo ìbéèrè: ta ló wà lójúfò níbẹ̀ ní aago mẹ́ta òru?

Òfin wo ló wà nílẹ̀ ní Nàìjíríà?

Fún ìgbà pípẹ́, òfin tí àwọn òyìnbó amúnisìn ṣe ní 1916, tó di òfin tuntun lórúkọ nìkan ní 1958, la ń lò. “Wèrè” ló pe aláìsàn, bí wọ́n ṣe máa tì í mọ́lé ló sì jẹ ẹ́ lógún. Ọjọ́ 5 oṣù kìíní 2023 ni Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lu òfin ìlera ọpọlọ tí ilé aṣòfin ti parí ní 2021. Òfin yìí ka ẹ̀tọ́ aláìsàn sílẹ̀, ó ka fífi ìyà jẹ wọ́n léèwọ̀, ó dá ẹ̀ka fún ìlera ọpọlọ sílẹ̀ ní ilé iṣẹ́ ètò ìlera ìjọba àpapọ̀, ó sì ní kí ìgbìmọ̀ kan wà tí yóò máa gbọ́ ẹjọ́ àwọn tí wọ́n gbà wọlé láìfẹ́ wọn.

Òfin ìlera gbogbogbòò ti 2014 náà wà. Ó ní ibi ìtọ́jú kankan kò gbọdọ̀ máa ṣiṣẹ́ láìní ìwé ẹ̀rí pé ó kún ojú ìwọ̀n. Ó tún ní ilé ìwòsàn kankan kò gbọdọ̀ lé ẹni tó nílò ìtọ́jú pàjáwìrì padà. Ẹ rántí èyí kejì dáadáa. Gìrì ọtí jẹ́ pàjáwìrì, ẹni tó ń fẹ́ para rẹ̀ náà jẹ́ pàjáwìrì.

Ibi tí ó kù sí ni pé ọ̀rọ̀ ìlera jẹ́ ti ìpínlẹ̀ pẹ̀lú ti àpapọ̀. Abuja kò ní wá ka iye bẹ́ẹ̀dì ní ilé kan ní ọ̀nà Ajàṣẹ́-Ìpo. Ìpínlẹ̀ ló gbọdọ̀ rán èèyàn, kó kọ òfin kékeré tó bá irú ilé yìí mu, kó sì máa tẹ̀ lé e.

Wọ́n fi ìwé CAC kọ́ sára ògiri. Ṣé ìyẹn kò tó?

Kò tó rárá. Orúkọ iṣẹ́ òwò ni CAC, àjọ ìjọba àpapọ̀, ń kọ sílẹ̀. Ìwé yẹn kan náà ni ẹni tó ń ta bọ́lọ́ọ̀kù máa gbà. Ìwé tí ẹ máa béèrè ni àṣẹ tí ilé iṣẹ́ ètò ìlera ìpínlẹ̀ Kwara fún wọn láti tọ́jú aláìsàn, pẹ̀lú ìwé àṣẹ ọdọọdún ti dókítà àti nọ́ọ̀sì tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Kí ẹ ka ọdún tó wà lórí rẹ̀.

Báwo ni mo ṣe máa fi ojú ara mi mọ ilé tó dára?

Ẹ lọ síbẹ̀ lọ́sàn-án, kí ẹ sì tún padà lọ ní alẹ́ láìsọ fún wọn. Ẹ wo ilẹ̀kùn: ṣé kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ẹni tó wà nínú ilé, àbí ọlọ́dẹ tó lọ jẹun ni ó fi sí àpò? Bí iná bá sọ, ta ni yóò ṣí i? Ẹ béèrè ibi tí wọ́n ń tọ́jú oògùn sí, kí ẹ rí i pé ó ní àgádágodo, pé ìwé kan sì wà tí wọ́n ń kọ oògùn tó jáde sí. Ẹ béèrè dókítà tó rí aláìsàn ní wákàtí 24 àkọ́kọ́, kí ẹ gba orúkọ rẹ̀. Ẹ béèrè ọkọ̀ tí wọ́n fi ń gbé èèyàn lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, kí ẹ rí ọkọ̀ náà lójú, kí ẹ sì wò ó bóyá táyà rẹ̀ ní atẹ́gùn.

Ìwé BP, ìyẹn ìwé tí wọ́n ń kọ ìwọ̀n ìfúnpá aláìsàn sí, ni mo máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Wọ́n ní kí n bá wọn wo ilé kan lẹ́yìn ìlú nígbà kan. Wọ́n mú ìwé ọmọléèwé aláwọ̀ búlúù kan wá. Aláìsàn mọ́kànlá ló wà nínú rẹ̀, 120/80 ni gbogbo wọn, ní wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin, bíárò kan náà, ọwọ́ kan náà. Mo ṣí i lọ sí ìlà ìkẹyìn. Aago mẹ́fà ìdájí ọjọ́ kejì ni wọ́n kọ síbẹ̀. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ la sì wà lọ́jọ́ náà. Wọ́n ti kọ òru tí kò tíì dé sílẹ̀.

Ilé tó ń ṣiṣẹ́ tòótọ́, ìwé rẹ̀ máa ń rí gbágungbàgun. BP ẹnì kan á ga lóru, wọn á kọ oògùn tí wọ́n fún un, nọ́ọ̀sì mìíràn á fi bíárò pupa kọ “mo tún un wò”. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ ló ń fi mí lọ́kàn balẹ̀.

Ṣé wọ́n lè fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè é?

Rárá. Abala 34 ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 fòfin de ìyà àti ìwà tó ń rẹ èèyàn nípò sílẹ̀, òfin 2023 náà sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ fún aláìsàn ọpọlọ. Ní oṣù kọkànlá 2019, Human Rights Watch, àjọ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, gbé ìròyìn jáde lórí ilé 28 tí wọ́n ṣàbẹ̀wò sí káàkiri orílẹ̀-èdè yìí. Èèyàn tí wọ́n dè mọ́lẹ̀ ni wọ́n bá, ní ti ẹ̀sìn, ní ti ìbílẹ̀, àní ní ti ìjọba pàápàá.

Mo ti fọ ọrùn ẹsẹ̀ ọmọkùnrin kan tí wọ́n gbé wá láti irú ilé bẹ́ẹ̀. Irin ti jẹ awọ ara wọlé. Òwú tí mo fi ń nù ún ń gbé ìdógùn-ún irin jáde títí tí omi inú abọ́ fi di àwọ̀ ilẹ̀. Ìyá rẹ̀ dúró síwájú bẹ́ẹ̀dì, ó ń sọ pé, “Nọ́ọ̀sì, wọ́n ní kó má báa sá lọ ni.” Kò sí ibi tí ọmọ yẹn ń sá lọ. Ó ń bẹ̀rù.

Bí ẹnì kan bá ń lu ara rẹ̀ mọ́ ògiri, tàbí tó fẹ́ ṣe ẹlòmíràn léṣe, àwọn òṣìṣẹ́ tó kọ́ṣẹ́ lè dì í mú fún ìgbà kúkúrú. Wọ́n gbọdọ̀ kọ aago tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ àti aago tí wọ́n parí, kí wọ́n sì jókòó tì í. Ohun tó bá ti kọjá ìyẹn, ẹ pe ọlọ́pàá, kí ẹ sì kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ ètò ìlera.

Wọ́n ní abẹ́rẹ́ ni àwọn fi ń mú un sùn. Kí ló burú níbẹ̀?

Ó sinmi lórí abẹ́rẹ́ wo, fún ta ni. Oògùn tí wọ́n fẹ́ràn jù ni Largactil, torí pé ó ń mú èèyàn dákẹ́. Ẹni tí ọtí ń jáde lára rẹ̀, Largactil lè mú kí gìrì tètè gbé e. Aláìsàn ti sùn, ilé ti dákẹ́, àwọn òbí ń dúpẹ́, ewu sì ń pọ̀ sí i. Irú ẹ̀dá oògùn tí Valium jẹ́ ni dókítà máa ń lò fún ti ọtí, pẹ̀lú fítámínì B1 kí wọ́n tó fa omi oníṣúgà sí i lára. Ẹ má ṣe tìjú láti béèrè orúkọ oògùn. Ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ fún yín.

Wọ́n gba fóònù rẹ̀, wọ́n sì ní a kò gbọdọ̀ wá wò ó fún oṣù kan.

Gbígba fóònù fún ọjọ́ díẹ̀ lè ní ìdí, torí pé ẹni tó ń ta oògùn fún un wà nínú fóònù náà. Pé kí ẹbí má fojú kàn án fún oṣù kan kò ní ìdí kankan. Ilé ọlọ́jọ́ díẹ̀ ni. Ẹ dá ọjọ́ tí ẹ máa wá kó tó wọlé, kí ẹ sì bá a sọ̀rọ̀ lójú kojú, láìsí òṣìṣẹ́ láàárín.

A ti rí i pé ibẹ̀ kò dára, ṣùgbọ́n wọ́n ní a jẹ gbèsè, a kò lè mú un lọ.

Kò sí òfin tó fún wọn láṣẹ láti fi èèyàn dógò nítorí owó. Gbèsè jẹ́ ọ̀rọ̀ ilé ẹjọ́ kékeré. Ẹ lọ pẹ̀lú àgbà ẹbí méjì àti ọlọ́pàá, kí ẹ mú ẹni yín, kí ẹ sì gba ìwé tí wọ́n kọ nípa ìtọ́jú rẹ̀, torí pé dókítà tó kàn máa nílò rẹ̀.

Ilé Alfa àti ti wòlíì ń kọ́? Ṣé ẹ fẹ́ kí ìjọba tì wọ́n pa ni?

Mi ò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ní Ìlọrin, kí ẹlòmíràn tó mọ ọ̀nà ilé ìwòsàn, Alfa ló kọ́kọ́ mọ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ni wọ́n ń fi ọkàn kan gba àlejò tí ẹbí tirẹ̀ ti kọ̀ sílẹ̀, tí wọ́n ń bọ́ ọ láìgba kọ́bọ̀. Àwọn kan ti fúnra wọn gbé aláìsàn wá bá wa, wọ́n sì padà wá béèrè àlàáfíà rẹ̀. Ní Àrò, ní Abẹ́òkúta, láti 1954 ni Dókítà Thomas Adéoyè Lambo ti ń fi aláìsàn sọ́dọ̀ àwọn ará abúlé, tó sì ń bá àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ṣiṣẹ́ pọ̀. A ti rí i pé ó ṣe é ṣe.

Ohun tí mo fẹ́ ni pé kí ìlà kan wà. Kéwú, rukiyá (àdúrà ìwòsàn àwa Mùsùlùmí), ààwẹ̀ àti àdúrà, ti onílé ni. Ṣùgbọ́n tó bá ti gba ẹni tí oògùn tàbí ọtí wọ̀ lára láti sùn síbẹ̀, kó fi orúkọ sílẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀, kó má fi irin de ẹnikẹ́ni, kó má fi ebi pa aláìsàn tó ń gbọ̀n, kó sì jẹ́ kí nọ́ọ̀sì wọlé lójoojúmọ́ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ìjọba náà gbọdọ̀ rán nọ́ọ̀sì yẹn lọ́fẹ̀ẹ́. Bí ẹ bá ní kí Alfa san owó rẹ̀, yóò ti ilẹ̀kùn.

Ta ni yóò máa yẹ àwọn ilé yìí wò?

A mọ wọlé-wọlé nílẹ̀ yìí, ẹni tí ìyá wa àgbà ń gbálẹ̀ dè. Irú rẹ̀ la nílò, pẹ̀lú nọ́ọ̀sì àìsàn ọpọlọ kan àti ẹnì kan tó ti gba irú ilé bẹ́ẹ̀ kọjá rí. Ẹni tó ti sùn lórí ẹní yẹn mọ ibi tí wọ́n ń fi nǹkan pamọ́ sí. Kí wọ́n máa wá láìsọtẹ́lẹ̀, kí ó kéré tán ìbẹ̀wò kan jẹ́ ti òru lọ́dọọdún. Bí ẹnikẹ́ni bá kú nínú ilé, tàbí láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tó jáde, kí onílé sọ ọ́ fún ìjọba láàárín wákàtí 24, kí wọ́n sì wádìí rẹ̀ kí wọ́n tó sin ín bí ó bá ṣe é ṣe. Mo mọ̀ pé ìsìnkú kì í pẹ́ láàárín àwa Mùsùlùmí. Ìdí nìyẹn tí ó fi gbọdọ̀ yá.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é níbòmíràn?

Ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ló ń fún irú ilé yìí ní ìwé àṣẹ tirẹ̀, yàtọ̀ sí ti ilé ìwòsàn. Ibi kan wà tí èèyàn kì í lò ju wákàtí 23 lọ, òmíràn jẹ́ ti ọjọ́ mélòó kan. Owó ìlera tí ìjọba wọn ń san fún àwọn aláìní, Medicaid, kì í sábà san fún ilé àìsàn ọpọlọ tó ní ju bẹ́ẹ̀dì 16 lọ fún àwọn ọmọ ọdún 21 sí 64, ìyẹn sì ti mú kí ọ̀pọ̀ ilé wà ní kékeré. Láti ọjọ́ 16 oṣù keje 2022, nọ́ńbà mẹ́ta, 988, ni ẹni tó fẹ́ para rẹ̀ ń pè.

Wọ́n ní wàhálà tiwọn. Ohun tí mo rí kọ́ lára wọn ni kíkéré ilé. Ilé tó ní bẹ́ẹ̀dì mẹ́jọ, nọ́ọ̀sì kan lè mọ orúkọ gbogbo wọn lóru.

Ọmọ mi ti tó ọdún 25, kò sì gbà láti lọ. Ṣé a lè gbé e tipátipá?

Èyí ló ṣòro jù nínú gbogbo wọn. Abala 35 ìwé òfin wa fún olúkúlùkù ní òmìnira ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ó yọ àwọn kan sílẹ̀: a lè dá ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ kò pé tàbí ẹni tí ọtí tàbí oògùn ti wọ̀ lára dúró, fún ìtọ́jú rẹ̀ tàbí ààbò ìlú. Àwọn onílé rihábù máa ń ka gbólóhùn yẹn fún òbí. Wọn kì í ka èyí tó ṣáájú rẹ̀, pé ọ̀nà tí òfin là kalẹ̀ nìkan ni wọ́n lè gbà ṣe é. Kí ọkùnrin mẹ́rin gbé ọmọ jù sínú búútù ọkọ̀ ní ìdájí kì í ṣe ọ̀nà òfin.

Ọ̀nà òfin ni pé kí ẹbí kọ́kọ́ béèrè, kí dókítà yẹ̀ ẹ́ wò fúnra rẹ̀, kí ó kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀, kí ó jẹ́ ibi tí ìjọba fọwọ́ sí, kí ọmọ náà sì lè pe ẹjọ́ tako o. Bó bá ń halẹ̀ láti para rẹ̀ tàbí láti pa ẹlòmíràn, ẹ má dúró de ìwé kankan. Ẹ gbé e lọ sí ẹ̀ka pàjáwìrì.

Bí ó bá jẹ́ oògùn nìkan, tí orí rẹ̀ sì pé, ẹ máa bá a sọ̀rọ̀. Ó ń gba àkókò, ó sì ń dun òbí. NDLEA, àjọ ìjọba tó ń gbógun ti oògùn olóró, ní nọ́ńbà ọ̀fẹ́, 080010203040, tí ẹ lè pè lọ́sàn-án lóru fún ìmọ̀ràn. Ọ̀pọ̀ òbí ń bẹ̀rù pé wọ́n á wá mú ọmọ àwọn. Ẹ̀ka ìmọ̀ràn àti ìtọ́jú ni nọ́ńbà yẹn wà fún.

Ó ti jáde, ara rẹ̀ ti mọ́. Ṣé ó ti tán?

Kò tíì tán, ibi tí ó ti léwu jù lẹ́ẹ̀kejì ló dé yẹn. Ẹni tó ń lo tramadol púpọ̀ lójúmọ́, ara rẹ̀ ti gbà á. Lẹ́yìn ọjọ́ 10 láìlò ó, ara náà ti gbàgbé. Bó bá padà sí iye tó ń lò tẹ́lẹ̀, èémí rẹ̀ lè dúró lójú oorun. Nítorí náà, ilé tó kàn fọ èèyàn, tó sì ní “ó dàbọ̀” lẹ́nu géètì láìfún un ní ọjọ́ tí yóò padà rí dókítà, kò yẹ kó ní ìwé àṣẹ. Èmi yóò kọ ọ́ sínú òfin bẹ́ẹ̀ gan-an: ọjọ́ ìpàdé láàárín ọjọ́ méje, orúkọ ẹni tí yóò rí, kí ẹbí sì buwọ́ lù ú pé wọ́n ti ṣàlàyé ewu yìí fún àwọn.

Bí ìjọba bá ti gbogbo ilé burúkú pa, níbo làwọn èèyàn máa lọ?

Ní oṣù kẹsàn-án 2019, ọlọ́pàá kó èèyàn tó lé ní 300 jáde nínú ilé kan ní Rigasa, ní Kàdúná, tí ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ wọn wà nínú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀. Ó yẹ kí wọ́n kó wọn jáde. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ni òbí wọn gan-an fi síbẹ̀ nítorí pé wọn kò rí ibòmíràn.

Ní Kwara, ilé ìwòsàn olùkọ́ni ti Yunifásítì Ìlọrin wà ní Òkè-Ọsẹ̀, ilé ìwòsàn àìsàn ọpọlọ ti ìjọba àpapọ̀ sì wà ní Budó-Ẹ̀gbà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Asà. Ẹ̀gbẹ́ Ìlọrin ni àwọn méjèèjì. Ẹni tí gìrì gbé ọmọ rẹ̀ ní Òmù-Àrán ní aago méjì òru, ìrìn àjò tó ju wákàtí kan lọ ló wà níwájú rẹ̀, bó bá rí ọkọ̀. Ilé burúkú tó wà ní ẹ̀yìn ọjà sì wà ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Nítorí náà, kí wọ́n tó fi kọ́kọ́rọ́ ti ẹyọ kan, mo fẹ́ bẹ́ẹ̀dì mẹ́rin nínú ilé ìwòsàn ìjọba ní Ọ̀fà, mẹ́rin ní Òmù-Àrán, oògùn nínú kọ́bọ́ọ̀dù, ọkọ̀ kan tó ní epo, àti nọ́ọ̀sì tí wọ́n ń san owó òru fún kó má baà sùn.